Àtùpà gáàsì bàbá mi: láti Ìgbọ̀nà dé orí omi dídì Winnipeg

Kí n tó dé ayé ni bàbá mi ti ra àtùpà gáàsì yìí. Gáàsì tí mò ń wí kì í ṣe ti sílíńdà ìdáná o. Àtùpà oníkẹrosíìnì tí a ń pọ́ǹpù ni, èyí tó máa ń hó "hùùù" tó bá ti gbaná, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì funfun báláú. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Òṣogbo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni wọ́n ń gbé kọ́ sábẹ́ àtíbàbà níbi àìsùn òkú kí jẹnẹrétọ̀ tó kárí ilé. Bàbá máa ń fi tiwọn yá àwọn ará àdúgbò, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló máa ń lọ tàn án, àwọn náà ló sì máa ń lọ pa á. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pọ́ǹpù rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n papò dà, a gbé e sórí àjà. Ó lé ní ogún ọdún níbẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ àti sítóòfù ni mò ń ṣe jẹun ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo, n kò bojú wò ó rí. Àbúrò mi ló jẹ́ kí n gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Winnipeg lábúrò mi ń gbé, ní Kánádà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú un lọ pẹja lórí adágún Winnipeg nígbà òtútù, nígbà tí omi ti dì gbagidi débi pé ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀, tí ọkọ̀ pàápàá ń kọjá. Wọ́n á fi ẹ̀rọ kan tó dà bí ìlu ńlá lu ihò sínú omi dídì náà, wọ́n á ju ìwọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á sì jókòó tì í. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀, omi dídì náà gbọ́dọ̀ nípọn tó 10 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán, kó sì mọ́ gaara. Lóṣù kìíní, òtútù òru ibẹ̀ máa ń wọ 20 sí ìsàlẹ̀ òdo, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Nígbà tí ọdún bá ń parí, ilẹ̀ ti ń ṣú kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Iná oníbátìrì tí wọ́n ń gbé lọ kì í pẹ́ kú, nítorí òtútù máa ń gba agbára lára bátìrì. Ọ̀kan nínú wọn ní àtùpà Coleman àtijọ́. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi gbọ́ ohùn àtùpà yẹn lórí omi dídì, ó pè mí lóru. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gáàsì bàbá ṣì wà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìlú tiwa, inú ọ̀rọ̀ ẹja ni oyè ọba wa ti wá: Àtẹ́wọ́gbẹja ló di Àtáọja. Ìránṣẹ́ Yèyé ni ẹja inú igbó Ọ̀ṣun, a kì í ju ìwọ̀ sí wọn. Àwa náà la sì ń tan iná olójú mẹ́rìndínlógún láàfin nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí á máa jó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ Òṣogbo tó bá ń lọ pẹja nílẹ̀ àjèjì, ó yẹ kó ní iná tó ṣe é gbójú lé. Mo sọ fún un pé tó bá ti wálé lóṣù kọkànlá, yóò bá a lórí tábìlì mi.

Ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sínú fìlà òkè rẹ̀. Níkẹ́lì tí wọ́n fi bo táńkì ti ń ṣí, idẹ abẹ́ rẹ̀ sì ti dúdú. Màámi ló sọ pé kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́, bí àwọn ṣe máa ń fọ idẹ látijọ́. Mo fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dán.

Inú táńkì ló le jù. Kẹrosíìnì tí a gbàgbé sínú rẹ̀ ti di nǹkan pupa kan tó ń fà bí oje igi. Mo da kẹrosíìnì tuntun sí i, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú, lọ́jọ́ kejì mo da ìrẹsì gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, mo wá ń mì ín kíkan kíkan. Ìrẹsì yẹn á máa ha inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó dá ọgbẹ́ sí i lára. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí èyí tó ń jáde tó mọ́. Ẹ má fi òkúta tàbí ìṣó ṣe é o, idẹ ò le tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 31. Mo tú pọ́ǹpù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ àtùpà gáàsì fi di ohun tí a ń gbé sọ sórí àjà, inú pọ́ǹpù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Awọ kékeré kan wà lórí ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ kọ́ńkó bí ife. Tó bá rọ̀, tó sì ní ọ̀rá lára, ẹnu rẹ̀ á fẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá, á sì ti afẹ́fẹ́ wọlé. Tó bá gbẹ, ẹ óò kàn máa pọ́ǹpù lásán ni, ọwọ́ ò ní gbé nǹkan kan. Ti bàbá ti gbẹ bí awọ ìlù tó ya. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, ó fọ́.

Mo lọ bá ṣúmékà kan nítòsí Ọjà Ọba, mo gba àjákù awọ màlúù. Mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi dérí ìgò kékeré kan tó ṣe déédéé rẹ̀, mo fi ihò kan tí mo lu sára pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó gbẹ tán, ó ti dúró bí ife. Mo gé etí rẹ̀ pẹ̀lú réésà, mo sì fi òrí pa á. Mo pa á lẹ́ẹ̀kan, mo yáná sí i díẹ̀ kí òrí náà lè wọ inú rẹ̀, mo tún pa á. Ó rọ̀ bí etí ọmọdé. Inú mi dùn sí awọ yẹn púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí òrí yìí, nítorí mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Fáàfù tó wà nísàlẹ̀ pọ́ǹpù, èyí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti epo padà, rọ́bà inú rẹ̀ ti le bí èékánná. Mo gé rọ́bà tíúbù ọ̀kadà fi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta nínú kẹrosíìnì, rọ́bà náà ti wú, ó ti rọ̀ bí fùfú. Ó yẹ kí n ti mọ̀, nítorí ohun kan náà la máa ń rí lára jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n bá fi rọ́bà tí kò yẹ sí ẹnu páìpù epo rẹ̀. Mo gé òmíràn lára ọ́ìlì síìlì àlòkù, èyí tí wọ́n ṣe kí epo má baà mú un. Ìyẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ọjọ́ 3, oṣù kọkànlá. Mo fi afẹ́fẹ́ sínú táńkì láìda epo sí i, mo rì í sínú báàfù omi, bí àwọn fọ́gánáísà ṣe ń wá ojú ihò lára tíúbù. Wéréwéré omi ń ho lára síkúrù tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ àti lábẹ́ ibi tí ọ̀pá gígùn ti wọ táńkì. Ibi kejì yìí kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Kẹrosíìnì tó bá ń jò níbẹ̀, abẹ́ iná gan-an ló ń jò sí. Wáṣà òjé ló wà níbẹ̀, ó ti bà jẹ́. Ojú ibi tó jókòó lé pàápàá ti wọ́. Bàbá kan ládùúgbò wa, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ tọ́nà rí ní ilé iṣẹ́ Machine Tools kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, bá mi tẹ́ ojú náà pẹrẹsẹ lórí ẹ̀rọ wọn. Wọ́n ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní bàbá mi yá àwọn ní àtùpà yìí lọ́jọ́ ìkómọ àkọ́bí àwọn.

Ó wá ku ojú iná. Kẹrosíìnì á gba inú ọ̀pá kan gòkè, ooru iná á sọ ọ́ di oru nínú ọ̀pá náà, oru náà á wá gba ojú ihò bíńtín kan jáde, èyí tí àwa oníṣẹ́ sítóòfù ń pè ní nípù. Abẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun. Tí ẹ bá yí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ àtùpà yípo, abẹ́rẹ́ náà á yọrí nínú ihò, á gún ìdọ̀tí jáde, á sì padà. Mo gbé nípù náà sókè sí oòrùn, mo fi ojú kan wo inú rẹ̀. Ó ṣókùnkùn. Èédú ti dí i pa, ẹnu abẹ́rẹ́ sì ti kán sínú rẹ̀. Ọjọ́ kan àbọ̀ ni mo lò lórí nǹkan tí kò tó èékánná ìka ọmọ ọwọ́ yẹn. Mo rẹ ẹ́, mo yọ́ abẹ́rẹ́ tuntun wọ̀ ọ́ láti inú, mo rẹ ẹ́ padà. N kò fi agbára gún un, nítorí tí ihò yẹn bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, epo tó ń jáde á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, àtùpà á máa pọ́n, á máa rú èéfín, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́ ju ká ra òmíràn. Nígbà tí mo tún gbé e sókè, mo rí oòrùn nínú rẹ̀ bí ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Mo pariwo débi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sáré wọlé.

Ọwọ́ ìyá kan tó ń ta òwú sítóòfù ní Ìgbọ̀nà ni mo ti rí abẹ́rẹ́ tuntun àti mántù. Ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà ni méjèèjì, wọ́n sì bá ti bàbá mu wẹ́kú.

Kẹrosíìnì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láìfi bò. Tí kẹrosíìnì tí ẹ rà bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, ẹ má dà á sínú àtùpà kankan. Ẹ má sì fi iná dán an wò. Ọ̀pọ̀ ilé ni àdàlù bẹ́ẹ̀ ti jó ní ilẹ̀ wa. Àbúrò mi bi mí bóyá òun lè bu nínú epo Coleman ọ̀rẹ́ òun tí ti òun bá tán lórí omi dídì. Mo ní rárá. Epo tí wọ́n ń dà sínú Coleman yẹn, naphtha ni, ó fúyẹ́, ó sì yá gbaná bíi bẹntiróòlù. Ti bàbá, kẹrosíìnì ni wọ́n ṣe é fún. Bí méjèèjì tilẹ̀ jókòó lórí pákó kan náà, kò gbọdọ̀ sí pàṣípààrọ̀ láàárín wọn.

Ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n mú iná lọ. Àbúrò mi ti dé. Mo da kẹrosíìnì tó kún ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin táńkì, mo fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Mo so mántù mọ́ ẹnu amọ̀. Tí ẹ ò bá mọ mántù, àpò òwú kékeré ni, ó rí bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun. Mo da sípírítì sínú àwo kékeré abẹ́ rẹ̀, mo ṣáná sí i. Nígbà tí iná sípírítì kù díẹ̀ kó kú, mo dé síkúrù afẹ́fẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́ǹpù. Mántù kọ́kọ́ dúdú, ó sún kì, ó dà bí èso tó rọ, lẹ́yìn náà ni ó wú, ó funfun, gbogbo àgbàlá wá mọ́lẹ̀ lójijì. Ohùn yẹn jáde. Màámi wà nínú yàrá. A gbọ́ tí wọ́n ní, "Ta ló tan gáàsì bàbá yín?" Wọ́n jáde, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun tó ń tàn nínú mántù kì í ṣe òwú. Òwú náà jó dànù nígbà àkọ́kọ́, eérú oògùn tí wọ́n fi rẹ ẹ́ ló kù, òun ló ń gbóná tó ń mọ́lẹ̀. Carl Auer von Welsbach, ará ilẹ̀ Austria, ló gbé e jáde ní 1885. Ní 1891 ló wá rí ìpapọ̀ tó dára jù, thorium ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àti cerium ìdá kan. Thorium máa ń tú ìtànṣán tó lè pani lára sílẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ mántù òde òní kò ní in mọ́. Síbẹ̀, tí ti yín bá fọ́, ẹ má fẹnu fẹ́ eérú rẹ̀, ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Nítorí pé eérú lásán ni, ìfọwọ́kàn díẹ̀ ló lè rún un. Tí ihò bá lu sára rẹ̀, ahọ́n iná kan á yọ láti ibẹ̀, á sì máa lá ojú kan ṣoṣo lára gíláàsì títí yóò fi là.

Gíláàsì bàbá ò tilẹ̀ dúró dè ìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi àkísà tútù kan nu kòkòrò kúrò lára rẹ̀ nígbà tó ṣì ń jó. Ó dún "káú", ó là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọdún mélòó ni gíláàsì yẹn lò lọ́wọ́ bàbá! Ó dùn mí wọnú egungun. Mo ra òmíràn, mo sì hun wáyà yí i ká ní ọ̀nà tí ẹyọ yìnyín tàbí ìbọ̀wọ́ tútù kò fi ní tètè kàn án. Mo kọ ọ́ sára páálí fún àbúrò mi pẹ̀lú bírò pupa: omi kò gbọdọ̀ kan gíláàsì gbígbóná.

Àpótí rẹ̀ ló wá gba àkókò mi jù. Àbúrò mi ṣàlàyé pé àwọn ń kó ẹrù sínú nǹkan kan tó dà bí ọmọlanke tí kò ní táyà, tí ọkọ̀ kékeré kan ń wọ́ lọ lórí yìnyín. Ojú yìnyín náà kì í tẹ́jú, ó ní ó máa ń jánni bí ọ̀nà oko. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọ́ mántù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jáde.

Mo kan àpótí pílíwúùdù tó ga ní 50 sẹ̀ǹtímítà, àtùpà fúnra rẹ̀ ga tó 40. Lákọ̀ọ́kọ́, mo fi ọwọ́ rẹ̀ gbé e kọ́ sínú àpótí pẹ̀lú rọ́bà tíúbù, mo rò pé tó bá ti ń fì lófuurufú ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà kò ní kàn án. Mo dè é sẹ́yìn ọ̀kadà, mo gùn ún dé Ìlọ́bùú, mo sì padà. Mántù ti di ìyẹ̀fun. Mo tún un so, mo tún lọ, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Mo wá jókòó, mo gbọn àpótí náà jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ọwọ́, mo ń wo inú rẹ̀. Àtùpà náà ń fì bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí òkè ni mo ti so ó, ìsàlẹ̀ tó wúwo sì ń já a síwá sẹ́yìn.

Nítorí náà mo yí i padà. Mo gé pákó kan tó ní ihò roboto, ìdí táńkì jókòó sínú ihò náà ṣinṣin. Rọ́bà tíúbù mẹ́jọ ni mo fi na pákó náà mọ́ ara àpótí, mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀, kó lè rì díẹ̀ kó sì padà díẹ̀ láìfì. Mo fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì ṣe òrùka tó di fìlà àtùpà mú láìfún un. Mo lọ sí Ìlọ́bùú lẹ́ẹ̀kẹta. Mántù dúró. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó dúró. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó fọ́ nígbà tí mo já sínú kòtò kan. Mo gbà pé ibi tí pákó àti rọ́bà lè gbà á dé nìyẹn. Mo sọ fún àbúrò mi pé kó máa gbé mántù tuntun mẹ́rin dání nínú agolo wàrà, tí kò tíì jó, nítorí èyí tí kò tíì jó ṣì jẹ́ òwú, kò sí ìgbọ̀nrìrì tó lè ṣe é ní nǹkan kan.

Gíláàsì ní ààyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Màámi fa aṣọ àdìrẹ wọn kan tó ti gbó ya, wọ́n fi wé e. Ní ti ìdè ìdérí, mo ti fi hóòkù kékeré kan sí i, àbúrò mi sì ní kí n dúró ná. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó nípọn bí ìrọ̀rí, ó gbìyànjú láti ṣí i, kò ṣeé ṣe. Ó ní tí òun bá bọ́ ìbọ̀wọ́ lórí omi dídì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìka òun kì í gbọ́ràn mọ́. Mo yọ hóòkù, mo fi okùn awọ àti igi kékeré tó dà bí bọ́tìnnì rọ́pò rẹ̀. Ó ṣí i pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

Kó tó lọ, mo fi ọṣẹ fọ táńkì, mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta láìdé e, títí tí a ò fi gbóòórùn kẹrosíìnì nínú rẹ̀ mọ́, nítorí wọn kì í gba ohun tó bá ní epo tàbí òórùn epo wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ náà. Sípírítì àti kẹrosíìnì, ọ̀hún ló ti rà wọ́n.

Ọjọ́ 29, oṣù kejìlá. Ó pè mí láti orí adágún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pọ́ǹpù ò ṣiṣẹ́. Ó dà bí ẹni pé mò ń fi igi gún ihò." Mo béèrè bí òtútù ṣe tó, ó ní 23 sí ìsàlẹ̀ òdo. Mo dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí òrí. Òrí tó ń yọ́ lọ́wọ́ wa ní Òṣogbo, tó sì máa ń dì nínú ìgbá fúnra rẹ̀ nígbà ọyẹ́, kí ni yóò ṣe níbi tí odò ti di òkúta? Ó ti gan mọ́ inú awọ náà bí àbẹ́là. Ohun tí mo fi ìfẹ́ ṣe ló di pọ́ǹpù pa. Mo ní kó tú ọ̀pá pọ́ǹpù náà, kó fi í sí abíyá lábẹ́ ẹ̀wù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó pọ́ǹpù, ó gbé.

Ṣùgbọ́n ó kánjú. Ó da sípírítì ẹ̀ẹ̀kan bí mo ṣe kọ́ ọ nínú àgbàlá wa, ó sì ṣí epo sí i. Ọ̀pá náà kò tíì gbóná tó, kẹrosíìnì jáde bí omi, iná pupa sì ru sókè ju orí àtùpà lọ. Ó ṣe ohun tó tọ́: ó tú síkúrù afẹ́fẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, agbára inú táńkì kú, iná náà sì rọlẹ̀. Òde ló wà nígbà yẹn, kò sí nínú ahéré pákó tí wọ́n ń jókòó sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Láti ọjọ́ náà, sípírítì ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dà, èkínní á jó tán pátápátá kí ó tó da èkejì, òde ló sì ti ń tàn án kó tó gbé e wọlé.

Orí ọ̀rọ̀ gbígbé e wọlé yìí la ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí fóònù. Nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, wọ́n ti pè mí sílé tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ sùn, tí àwọn tó sùn ò jí. Carbon monoxide kì í rùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú. Àtùpà tó ń jó nínú ahéré tí wọ́n ti pa gbogbo ojú rẹ̀ nítorí òtútù, jẹnẹrétọ̀ inú kọ́rídọ̀ ni. Ó ní òtútù pọ̀. Mo ní kí òtútù pọ̀. Mo ní tí kò bá ṣí ojú kan lókè àti ọ̀kan nísàlẹ̀ ahéré náà, kó dá àtùpà bàbá padà fún mi. Ó gbà. Ó ti ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké tí afẹ́fẹ́ burúkú bá ti ń pọ̀, ó so ó mọ́ ògiri ahéré, ó sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Nígbà tó délé, ó yọ awọ náà, ó fi kẹrosíìnì fọ òrí kúrò lára rẹ̀, ó sì fi ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ rọ́pò rẹ̀. Ọ́ìlì yẹn kì í dì bọ̀rọ̀. Èmi náà ti fi sínú ti sítóòfù onípọ́ǹpù kan níbí láti wò ó. Nínú ooru tiwa ó máa ń gbẹ kíákíá, oṣooṣù ni ẹ óò máa kán an sí i, nígbà tí òrí á pẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, òrí ni mo ṣì ń lò fún àwọn oníbàárà mi ní Òṣogbo.

Ohun mìíràn tí a kọ́ lóṣù kìíní: tí àtùpà bá ti inú otútù bọ́ sínú ilé tó móoru, omi máa ń sẹ̀ sára rẹ̀ níta àti nínú táńkì. Omi náà á rì sísàlẹ̀ kẹrosíìnì, nígbà tí wọ́n bá tún gbé e jáde, á dì mọ́ ẹnu ọ̀pá tó ń fa epo. Ìgbà kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ sí i. Láti ìgbà yẹn, gàráàjì tí kò ní ooru ló ń gbé e sí láàárín ìrìn àjò méjì, ó sì ń da epo ìsàlẹ̀ táńkì sínú ìgò láti wò ó bóyá omi wà níbẹ̀. Pákó ló tún ń gbé sábẹ́ rẹ̀ lórí omi dídì, nítorí bí táńkì bá ṣe ń tutù ni gééjì rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ á sì máa rẹ̀yìn.

Àpótí náà ti lọ, ó ti bọ̀, nígbà mọ́kànlá. Mántù méjì ló fọ́. Rọ́bà tíúbù máa ń le díẹ̀ nínú òtútù, ó ní ó ṣì ń nà.

Ọjọ́ 18, oṣù kejì. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Mo gbé fóònù sétí Màámi. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní, "Ó ń fà díẹ̀. Ẹ ní kó yí ọwọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan." Mo pè é, ó yí i, ó sì tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ohùn náà ti gún. Mo ti ra abẹ́rẹ́ méjì sí i lọ́wọ́ ìyá olówùú sítóòfù ní Ìgbọ̀nà, ẹni tó ń lọ sí Winnipeg lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò bá mi mú un lọ.